Ojú Kòkòrò Ajẹwé

                                        Yàrá Àwọn Ọlọ́dún Mẹ́rin,
                                        Ilé-ẹ̀kọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi,
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Karùn-ún,
                                        Aago méjì ọ̀sán.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Onísùúrù,

Ọmọ kan ní kíláàsì mi ti gbé irin òòfà mì, èyí tí àwa ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ya ẹ́síréè ikùn rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá, ohun róbótó kan sì hàn níbẹ̀.

Jọ̀wọ́, má bínú pé mo sọ èyí kí n tó kí ọ. Báwo ni ara? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwọn ọmọ méjèèjì ńkọ́, pàápàá èyí tó jẹ́ àbúrò tí kì í jẹun àfi tí ènìyàn bá kọrin fún un? Ó yẹ kí n pè ọ́ ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí fóònù mi wà lófìfo nítorí ìpè tí mò ń retí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Mo ti dìde, mo ti tún jókòó lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìgbà tí mo ti kọ ọjọ́ sókè yìí.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kòkòrò la wà. O mọ̀ ọ́n, ìwọ lo bá mi dá a sílẹ̀ nígbà tí o ṣì ń kọ́ni ní yàrá kejì. Lọ́jọ́ Ajé, a fi páálí ṣe ìyẹ́ oyin. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a fi àtàǹpàkò tẹ yíǹkì sórí ìwé, a ya ẹsẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà sí i, ó di èèrà. Ọmọ kan ya ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Mo ní aláǹtakùn nìyẹn, kò sí nínú ẹbí yìí. Ó ní, "Tíṣà, àlejò ni." Mo gbà fún un.

Àná ló kan kòkòrò ajẹwé, èyí tí ń di labalábá. Láàárọ̀, jíjẹ la ṣe é: a gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní róbótó-róbótó, a tò ó tẹ̀ lé ara wọn nínú abọ́, a fi àjàrà gbígbẹ méjì ṣe ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ ò jẹ ẹ́, àánú kòkòrò ń ṣe wọ́n. Ni mo bá fi dá àpárá: "Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ, kò ní rí yín mọ́ tí ẹ bá ń jẹ ìyókù." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ ojú, wọ́n jẹ ara, abọ́ ṣófo. Inú mi dùn sí ara mi.

Lọ́sàn-án, a fi ọwọ́ ṣe é. A gé páálí ẹyin ní gígùn, a fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún. Kí ó baà lè lẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà lẹ́nu ọ̀nà bíi pé ó ń gun igi, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ òòfà méjì sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Dúdú ni wọ́n, róbótó, wọn ò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Inú abọ́ tí a fi jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ náà ni mo gbé àwọn kòkòrò náà sí níwájú àwọn ọmọ, òòfà wọn lókè bí ojú méjì, kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ kí a tó lẹ̀ wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, Onísùúrù, mo sì gbé ohun tí a kì í jẹ sínú abọ́ oúnjẹ.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ òní, kòkòrò mẹ́rìndínlógún ló lẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan wà nílẹ̀. Mo yí i padà: ojú gọ́ọ̀mù méjì, kò sí òòfà kankan. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni ti ọmọbìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Agbọ́ràn, nítorí pé tí o bá ní kí ó jókòó, á jókòó títí wàá fi rántí pé ìwọ lo ní kí ó jókòó. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo bi í pé níbo ni nǹkan dúdú abẹ́ kòkòrò rẹ̀ wà.

"Mo ti jẹ ojú ẹ̀, Tíṣà." Ó ń retí kí n yìn ín.

"Ojú mélòó lo jẹ?"

Ó na ìka kan. Ó wò mí lójú, ó rí i pé ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, ó na méjì. Ó tún wò mí, ó na mẹ́ta.

Mo pe ìyá rẹ̀. Aránṣọ ni, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ láìpa iná. Kí aago mẹ́wàá tó lù, wọ́n ti dé ilé ìwòsàn. Ọ̀gá wa bá wọn lọ, ó ní kí n dúró ti àwọn ọmọ yòókù. Ọ̀gá pè mí láti ibẹ̀, ó ní ohun tí dókítà sọ nìyí: bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ló mì, yóò bá ìgbẹ́ jáde. Bí ó bá jẹ́ méjì, wọ́n lè máa fa ara wọn láti inú ìfun kan sí èkejì, kí wọ́n há awọ ìfun mọ́ àárín títí yóò fi lu. Àwọn dókítà ò ní dúró nígbà náà. Òní ni wọn yóò fún un lóògùn oorun, tí wọn yóò sì wọlé lọ yọ wọ́n. Àwòrán tí wọ́n yà láti iwájú fi ohun kan hàn, ṣùgbọ́n bí méjì bá lẹ̀ mọ́ra, láti iwájú, ọ̀kan ni wọn yóò jọ. Wọ́n ní àwọn yóò tún un yà láti ẹ̀gbẹ́.

Nítorí náà, mò ń wá èkejì. Bí mo bá rí i nínú yàrá yìí, a jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú ọmọ. Aago méjìlá la máa ń ṣíwọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ ti lọ. Mo mú ṣíbí irin kan, mo kọ́kọ́ dán an wò: òòfà tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ mi fò mọ́ ọn láti ibi tó jìn tó ìka kan. Mo so ṣíbí náà mọ́ igi gígùn, mo ń fà á lábẹ́ àga, lábẹ́ àpótí ohun ìṣeré, lẹ́bàá ògiri. Mo ti yí yàrá náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Nǹkan kan ò lẹ̀ mọ́ ọn.

Màmá tó ń gbálẹ̀ fún wa bá mi lórí eékún. "Tíṣà, ẹ dìde ńlẹ̀, ẹ dà bí ẹni tó ń fi ṣíbí fún ilẹ̀ lóúnjẹ." Mo ṣàlàyé fún un, kò ṣe àwàdà mọ́. Ó ní òun gbá yàrá náà lánàá, pàǹtí rẹ̀ ṣì wà nínú àpò lẹ́yìnkùlé. Ó ti dà á sórí ìwé ìròyìn báyìí, ó ń fi ọwọ́ ṣà á. Mò ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé: "Èmi àtìẹ lónìí, òòfà." Mo ti jáde lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ó lé mi padà, ó ní òjìji mi ń dí òun lójú.

Ìyá ọmọ náà pè ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Kò bá mi jà, ìyẹn ló burú jù. "Tíṣà, ẹ dákun, ẹ rántí dáadáa. Ṣé kan ni àbí méjì?" Mo ní n kò mọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ojú jíjẹ náà fún un pẹ̀lú, nítorí kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní, "Ó ti sọ fún mi. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun." Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bi nọ́ọ̀sì bóyá kòkòrò á ti di labalábá kí wọ́n tó lọ sílé. Kò síbi tó ń dùn ún.

Ọ̀gá ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún òun di ọjọ́ Ajé. Mo ti kọ ọ́, ojú ìwé méjì, mo kọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi sí i bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Bí wọ́n bá ní kí n lọ, n ó lọ. Ìka mẹ́ta yẹn ni kò kúrò lójú mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, wo ilẹ̀ ilé rẹ, kí o sì ṣa gbogbo ohun kéékèèké tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí bíi ti àtẹ̀yìnwá,
Tíṣà Onígọ́ọ̀mù

Àfikún: Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ìyá rẹ̀ tún pè. Wọ́n ti yà á láti ẹ̀gbẹ́. Dókítà tí yóò ka àwòrán náà wà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ, wọn ò mọ ìgbà tí yóò jáde, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sójú iná, ìyá ọmọ náà sì wò ó. Ó ní òun kì í ṣe dókítà o, àmọ́ láti kékeré lòun ti ń rán bọ́tìnnì, èyí tóun rí yẹn nípọn tó bọ́tìnnì kóòtù. Mo mú òòfà kan dání báyìí. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni. Mo gbé òmíràn lé e, ó di bọ́tìnnì kóòtù. Àpò pàǹtí ku ìdajì. Dókítà kò tíì jáde.