Omi Tí Ẹ Gbé fún Àlejò Ojú Ọ̀run

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú Lílì ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí òtútù ti ń ta ènìyàn létí bí agbọ́n. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ìdòwú àti gbogbo ará oko ní Sakin. Inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí, kí ẹni tó bá wo eré orí ìtàgé tí ẹ ṣe nígbà tí ẹ lóyún mi lè bá yín rántí.

Ara mi le. Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ni mo ṣì ń fọ̀. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ìdáwà ń bá mi jà. Ènìyàn lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ níbí kí ẹnikẹ́ni má bi í bóyá ó jí ire.

Ìdáwà yìí ló gbé mi dé ilé ìtàwé kan nítòsí ibi iṣẹ́ mi. Àwọn kan máa ń péjọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọn ò pọ̀, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn ìwé alàwòrán kan, bédé ni wọ́n ń pè é, débi pé wọ́n há a sórí bí ọmọ ilé kéwú. Ìtàn ẹ̀dá kan ni, tó ti inú ìràwọ̀ wá, tí ọkọ̀ rẹ̀ balẹ̀ láàárín àwọn òkè olókùúta. Mo ṣí i wò. Ẹ gbà mí o, òkè Ṣábẹ̀ẹ́ wa ni! Ìyá àgbà kan ró ìró, ó gbé igbá omi lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé inú eré orí ìtàgé tí olùkọ́ kan kọ ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti mú un. Olùkọ́ ará Pobẹ̀ yẹn ni, ẹni tó ní kí ẹ ṣe ìyá àgbà nígbà tí ẹ lóyún mi!

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ya ìwé náà. Ìhín ni wọ́n bí i sí, kò dé Ṣábẹ̀ẹ́ rí. Ohun tí bàbá rẹ̀ kọ sílẹ̀ kí ó tó kú ni pé ìyá àgbà gbé omi fún àlejò, kò sì bi í ní nǹkan kan. Kò sọ ìdí rẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n nílé wa? Àmọ́ ẹ wá gbọ́ àríyànjiyàn níbí! Àwọn kan ní májèlé ló wà nínú omi náà. Àwọn mìíràn ní oògùn ìgbàgbé ni. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú bí mi. Wọ́n fẹ́ sọ ìyá mi di apànìyàn!

Mo ṣàlàyé pé a kì í bi àlejò ní ibi tó ti ń bọ̀ kí ó tó mu omi. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi. Mo ní èmi náà wà lórí ìtàgé lọ́jọ́ náà, inú ikùn ni mo wà.

Ọmọ olùkọ́ gbọ́, ó wá bá mi. Ó ní ikú àlejò náà gan-an lòun fẹ́ yà sí ìwé tó kẹ́yìn, àti pé àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ń retí rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ó ti ṣe tán láti yí i padà, àmọ́ bàbá rẹ̀ ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún ìyá àgbà lẹ́yìn omi. Ó ní ẹ̀yin ni bàbá òun fi í sílẹ̀ fún, pé kí ẹ sọ ohun tó bá wá sí yín lẹ́nu. Mo pe Bàbá lórí tẹlifóònù, wọ́n ní ẹkún tí èrò ìwòran ń sun lọ́jọ́ eré náà ni kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí ẹ sọ dáadáa.

Ìyá mi, kí ni ẹ sọ? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀gbọ́n mi gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ olùkọ́ fẹ́ fi parí iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ní tèmi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń mu omi ìlú yìí, kò tíì sí ẹni tó bi mí ní ibi tí mo ti wá.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ kánrin. Ẹ bá mi kí Màmá Ofẹ̀, ẹ kí ará ìjọ, ẹ kí ará mọ́sálásí, ẹ má yọ ẹnì kan sílẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí ohùn yín,
Adébísí