Ìgbì Tí Ọmọ Yín Tún Ṣírò

Màmá wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, pé orúnkún tó ń dà yín láàmú náà ti ń gbádùn. Èmi ni mò ń bá ọmọ yín gbé yàrá, a sì jọ ń ṣiṣẹ́. Mo kọ̀wé yìí nítorí mo mọ̀ pé òun ò ní sọ nǹkan kan fún yín.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó òkúta wẹ́wẹ́ lódò ní òkìtì ńlá kan létí adágún omi. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé àwọn òṣìṣẹ́ sí òdìkejì. Wọ́n ní kí ọmọ yín fi kọ̀ǹpútà wò ó: bí òkìtì yẹn bá ya sínú omi, báwo ni ìgbì rẹ̀ ṣe máa ga tó? Ó ṣe é, ó ní kò ní dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ni wọ́n bá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń fi ọ̀kan nínú òkúta náà ṣeré lọ́wọ́, tó kígbe lójijì pé, "Mo ti kà wọ́n sí òkúta fífọ́, tí igun wọn ń di ara wọn mú. Róbótó mà ni! Wọ́n á sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó tún un ṣe. Lójú kọ̀ǹpútà, omi gba orí fèrèsé kọjá.

Mo ní kó fi í sílẹ̀, pé òkìtì náà lè má yà láéláé. Ó wò mí: "Ṣé ìwọ á sùn síbẹ̀?"

Ó lọ bá àwọn ọ̀gá. "Èmi ni mo ṣì í ṣe. Ẹ dá iṣẹ́ dúró." Ọ̀gá àgbà fárígá, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe ẹnjiníà àgbà kan láti ìta. Bàbá yẹn bu òkúta náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kékeré kan nínú àpótí onígíláàsì tí wọ́n rọ omi sí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn náà. Òkúta ya wuuru, omi fò jáde, ó rin ṣòkòtò ọ̀gá gbindingbindin! Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Orí òkè ni wọ́n wá ń kọ́ àwọn ilé náà sí. Wọ́n ti dá iṣẹ́ padà fún ọmọ yín, òun ló ń darí ìṣirò wọn báyìí.

Màmá, mo ti bá ọ̀pọ̀ ọlọ́pọlọ pípé ṣiṣẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣàṣìṣe nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì mọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ẹ ó jèrè rẹ̀ pẹ́, ẹ ò ní fojú sunkún rẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ yín kejì tẹ́ ẹ ò tíì rí.

Mo tún rántí: bẹ́ ẹ bá bi í bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó máa ní, "Ó ń lọ, Màmá." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.