Gbọ́ọ̀rọ̀ Ayaba Ẹ̀gbẹ́ Ilé

Ọ̀kà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

Màmá tó bí bàbá mi ti hú gbọ́ọ̀rọ̀ ayaba tí mo gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi bomi rin ín lórí yanrìn yẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í pa ewé rẹ̀, ìtàkùn rẹ̀ sì máa ń di ilẹ̀ mú. Òjò ti wọ́ yanrìn ibẹ̀ lọ débi pé ìpìlẹ̀ ti yọ síta.

Wọ́n ní, "Ṣé ilé ahoro lo fẹ́ sọ ilé bàbá rẹ dà ni? Àbí ejò lò ń sìn?"

Wọ́n wá gbálẹ̀ ibẹ̀ títí ó fi mọ́ tónítóní. Mò ń wo bí ìgbálẹ̀ náà ṣe ń kó yanrìn kúrò lábẹ́ ògiri wọn.

Nígbà tí mo lọ da omi abọ́ nù lẹ́yìn ilé ìdáná, mo bá gbogbo ìtàkùn mi níbẹ̀. Màmá ti tún un gbìn dáadáa, wọ́n sì ti bomi rin ín. Ibẹ̀ ò nílò rẹ̀ rárá. Ṣé àánú mi ló ṣe wọ́n ni, àbí...

Ojú ọ̀run ti ṣú lápá Ìkàrẹ́. Mo ní kí wọ́n wá sùn ní yàrá mi. Wọ́n ní kí ló ṣe yàrá tàwọn.