Ọkọ̀ Tó Ń Dákẹ́ Bí Ènìyàn Bá Jókòó Tì Mí

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Agége níbí. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, mo sì kí gbogbo ìyàwó ilé. Mo kí Rúkáyá àbúrò mi, tí yóò máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí láti orí fóònù rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ojú yín kò gbé ìwé kíkà mọ́. Rúkáyá, jọ̀ọ́, má fo ibì kankan, kódà ibi tí ojú ti máa tì mí.

Màámi, mo mọ̀ pé ẹ ti sọ fún gbogbo agboolé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀ pé mò ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ mi gbé yín wá sí Èkó fún iṣẹ́ abẹ ojú yín ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Rúkáyá sọ fún mi pé ẹ ti ní kí wọ́n ro koríko ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ọkọ̀ lè ráyè dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, sínú ìwé ìròyìn tí mo máa ń kọ̀wé sí, kí gbogbo ẹni tó gbọ́ ìlérí náà lè gbọ́ ohun tó dé bá a. Dókítà ti sọ pé bí a bá pa ọjọ́ náà jẹ, ó di ìgbà tí ààyè bá tún yọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà náà fún wa. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ dé. Ọkọ̀ ni kò dá mi lójú.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ mi ti ń dún. Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Oregun. Nínú ilé iṣẹ́ agolo wa, èmi ni mo máa ń yẹ ọjà wò kí ó tó jáde. Mo máa ń fi ìka kan agolo, etí mi á sì sọ èyí tó ní àbùkù fún mi. Mo wá rò pé ẹni tó ń fi etí ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ yẹ kó mọ ohun tí ọkọ̀ ara rẹ̀ ń sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá yà sí ọ̀tún, ó máa ń dún. Bí mo bá tẹ bírékì, ó máa ń dákẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kò ní dún títí ilẹ̀ á fi gbẹ, ẹ sì mọ̀ pé àsìkò yìí, òjò kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ níbí. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́rin kún. Òye tí mo ní báyìí kò ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Múfú ni mẹkáníìkì mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bí mi ò bá ráyè, ó máa ń wá gbé ọkọ̀ náà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wa. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i láàárín iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọkọ̀ náà ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, ìró tó wúwo, tó sì lọ sílẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá àpótí òfìfo. Ṣùgbọ́n ohun tí mo tẹ̀ ni: o n dun ko ko ko. Kò sí àmì lórí rẹ̀, kò sí àmì lábẹ́ rẹ̀. Múfú kà á sí kọ́-kọ́-kọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń kanlẹ̀kùn. Lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, bí ọkọ̀ bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́ nígbà tó bá ń yà, ṣáàfù rẹ̀ ló ti jẹ, ìyẹn irin tó ń yí táyà iwájú. Kí n tó jáde níbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó ti yọ ṣáàfù tó wà níbẹ̀, ó ti fi tòkunbọ̀ rọ́pò rẹ̀, ó sì ń fi àkísà nu ọwọ́ bí ẹni tó ti ṣe tán. Mo wa ọkọ̀ náà lọ sílé. Ó dún láti Oregun dé Agége.

Mo padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Mo ní kọ̀-kọ̀-kọ̀ ni mo sọ, kì í ṣe kọ́-kọ́-kọ́. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó gbé e sí mi níwájú, ó ní kí n ka ohun tí mo kọ sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Mi ò mọ bí màá ṣe kà á. Ó ní Ọ̀gá Oníwèé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń to àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó wá ku tèmi, ẹ kó àmì yín pamọ́ sílé. Ó ní ṣé torí pé epo wà lọ́wọ́ òun ni òun ò fi tó ẹni tí wọ́n ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ fún. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí òótọ́ ni. Mo bẹ̀ ẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, Bàbá Sálíù, ará Ìsẹ́yìn, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Oko Ọba, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń já màlúù. Bàbá náà ní kí n fi ẹnu dún ìró náà fún òun. Mo dún un kọ̀-kọ̀-kọ̀. Múfú ní bẹ́ẹ̀ kọ́, gbì-gbì ni òun ń gbọ́ ní tòun. Bàbá ní kí àwa méjèèjì panu mọ́, kí òun lè gbọ́ ti ọkọ̀. Ó fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, ó fọwọ́ yí táyà, ó ti ẹnu súkúdíráfà gígùn kan bọ ẹ̀yìn táyà, ó sì gbé etí lé ìdí rẹ̀. Màlúù kan ń ké lẹ́yìn ògiri. Bàbá ní kí Múfú lọ bá òun bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ó yí táyà ọ̀tún, ó yí tòsì, ó mi wọ́n lókè, ó mi wọ́n nísàlẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan, nǹkan kan kò sì mì.

A wá wọ inú ọkọ̀. Èmi ni mo wà á, Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Múfú wà lẹ́yìn. A yí àdúgbò náà ká lẹ́ẹ̀mẹta, a yà sí ọ̀tún, a yà sí òsì, a mọ̀ọ́mọ̀ wọ kòtò. Ọkọ̀ náà dákẹ́ bí ọmọ tó rí àlejò. Múfú ní bóyá inú orí mi ló ti ń dún. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí èmi àti òun bọ́ sílẹ̀, kí Múfú nìkan wà á. Bó ṣe yà báyìí, a gbọ́ ọ. Lẹ́bàá ọ̀nà tí mo dúró sí, ẹsẹ̀ òsì ni mo ti gbọ́ ọ. Múfú tó wà nínú ọkọ̀ ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Bàbá ní àárín ni òun ti gbọ́ ọ. A pààrọ̀ ara wa. Nígbà tí èmi nìkan wà á, ó dún. Nígbà tí Bàbá tún jókòó tì mí, ó dákẹ́.

Màámi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí mo sì ń dá wà á bọ̀. Mi ò ka ìyẹn sí tẹ́lẹ̀. Ó wá ṣe mí bákan láti mọ̀ pé ká ní ẹnì kan ń bá mi jókòó ni, ǹ bá má mọ̀ rárá pé ohunkóhun ń ṣe é.

Múfú ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó ní kí n wá ẹni tí yóò bá mi jókòó dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí a bá sì ń padà bọ̀, Ìyá fúnra wọn á wà nínú ọkọ̀, kò ní dún. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo rò ó. Mo ro bí ẹ ó ṣe jókòó, bí ẹ ó ṣe máa juwọ́ sí àwọn ará ilé, tí gbogbo nǹkan á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Sálíù jókòó sórí táyà kan, ó ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Ó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó bí Múfú, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ó jọ pé ìwọ̀n ara wa ló ń tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀, àmọ́ títẹ̀ tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò ní kó má já lójú ọ̀nà. Ó ní òun á tú ẹsẹ̀ méjèèjì palẹ̀, òun ò sì lè ṣèlérí pé òun á ṣe tán kí ọjọ́ Ajé tó dé. Ó wá bi mí pé ta ni mo fẹ́ lọ gbé. Mo ní ìyá mi ni. Ó na ọwọ́ sí mi, ó gba kọ́kọ́rọ́.

Nítorí náà, Màámi, mi ò ní gbé ọkọ̀ wá. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún wọn pé ó wà lọ́dọ̀ oníṣẹ́, àti pé ọmọ yín tó kàwé kò mọ ohun tó ń ṣe é. Mo mọ̀ pé kò ní rọrùn fún yín láti sọ. Ẹ forí jì mí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, màá wọ rélùwéè ní Agége níbí lọ sí Ìbàdàn, màá sì wọ mọ́tò láti ibẹ̀ wá bá yín. Ní Sátidé, a ó jọ gba ọ̀nà kan náà padà. Èmi ni màá gbé ẹrù, kí ẹ ṣáà di apá mi mú. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ dókítà rọ̀ yín lójú, kí Ó má jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ọ̀nà kò dára. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ro koríko. Nínú rélùwéè, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lẹ ó jókòó sí. Bí a bá ń bọ̀, èmi ni màá máa sọ ohun tí a ń kọjá fún yín. Bí ẹ bá ń padà lọ sílé, ẹ̀yin lẹ ó máa sọ ọ́ fún mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní