Òórùn Ọ̀dà Tí Imú Wa Kò Gbọ́ Mọ́

Sí Bẹ́ẹ̀kọ́, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá ọ níbi tí ara ti tù ọ́. Ara bàbá rẹ le, ara tèmi náà le, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀ rárá. O ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má pè ọ́ lórí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yìí títí yóò fi parí. Mi ò sì pè ọ́. Lẹ́tà kì í ṣe ìpè.

O mọ̀ pé ilé ìtajà ńlá yẹn nìkan ló kù tó ń ra ẹ̀pà lílọ̀ wa. Wọ́n ránṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń kó oúnjẹ wá fún wọn gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí pé oúnjẹ náà mọ́, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n ní ìwé náà kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ wọn wá, kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ wa wá, àfi ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn tí kì í sì í ṣe tiwa. Bí oṣù yìí bá parí tí a kò rí i gbà, wọn yóò kó ìgò wa kúrò lórí pẹpẹ. Orí pẹpẹ yẹn ni ẹnu wa wà, èmi àti bàbá rẹ, àti àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń bá wa ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń fi í tọ́ ọmọ.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ tìrẹ gan-an ni yóò ṣe àyẹ̀wò náà, ijó ni mo jó. Mo ti rí ọ lójú inú mi tí o jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì tí o ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀pà, tí o fọwọ́ sí ìwé fún ìyá rẹ. Àfi bí o ṣe sọ pé, “Màmá, mi ò lè wá, mi ò sì gbọdọ̀ bá ẹni tó ń bọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ò mọ̀ yín rí ló gbọ́dọ̀ wá wò ó.” Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni mo rò, ṣebí ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ lọ́mọdé ni òun fi sọ ọ́ ní Bẹ́ẹ̀kọ́, orúkọ sì ń ro ọmọ. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bínú sí ọ, kí n má parọ́.

A múra o. A tú ẹ̀rọ ìlọ̀ palẹ̀, a fi omi gbígbóná fọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. A ṣa ẹ̀pà ní ẹyọ ẹyọ, èyí tó bu àti èyí tó hunjọ, a dà á nù. Àwọn obìnrin dé fìlà, wọ́n bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́. Òrùka ìgbéyàwó mi tí kò kúrò níka mi láti ọjọ́ yìí, ọṣẹ ni mo fi yọ ọ́, ìka náà sì wú. Mo rò pé kò sí ohun tó kù mọ́.

Bàbá rẹ ló ní nǹkan kan kù. Ó wo ògiri yàrá ìlọ̀, ó ní èéfín ti sọ ọ́ di aláwọ̀ erùpẹ̀, ó ra ọ̀dà funfun, ó sì dá a kùn fúnra rẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ̀pà tí a ti yan wà lórí àwo ńlá nínú yàrá kejì, ó ń tutù lábẹ́ aṣọ mímọ́, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Ọmọ mi, ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀pà ò ní ìtìjú. Ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀, òórùn rẹ̀ ni yóò mu. Èmi tí n kì í gbé àlùbọ́sà sún mọ́ ọn, ògiri funfun yẹn ni mo ń wò tí inú mi ń dùn. A lọ̀ ọ́, a rọ ọ́ sígò. Mo tọ́ ọ wò, bàbá rẹ tọ́ ọ wò, àwọn obìnrin tọ́ ọ wò. Gbogbo wa ní ó dùn. Inú òórùn ọ̀dà la ti ń jí tí a sì ń sùn.

Olùyẹ̀wò náà dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Omi lásán, kò gbà lọ́wọ́ wa. Ó yin ẹ̀rọ, ó yin bí a ṣe ṣa ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìgò kan, ó gbé e sí imú, ó dé e padà. Ó ní, “Màmá, ìgbà wo lẹ kun ògiri yìí?” Bàbá rẹ dáhùn tìyangà-tìyangà, ọkùnrin náà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sí i, pé òun yóò padà wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìgbà ìkẹyìn sì nìyẹn kí oṣù tó parí. Mo bá a jà. Mo bi í pé ṣé imú tirẹ̀ nìkan ni imú. Ó kàn tẹrí ba, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, dírẹ́bà ilé ìtajà wá kó ọjà. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó máa ń mú búrẹ́dì tirẹ̀ dání kí n lè bá a fi ẹ̀pà ra á. Mo ní kó jẹ ẹ́, kó sì sọ òótọ́ fún mi. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ dúró, ó fi ọ̀wọ̀ gbé e mì. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú o. Ó ń rùn bí ilẹ̀kùn tuntun.” Ó fi kún un pé òun á ṣì kó o bí mo bá ní kóun kó o, pé bóyá oníbàárà ò ní mọ̀, nítorí bóun bá lọ lọ́wọ́ òfo, máníjà á fi àyè wa fún ẹlòmíràn. Bàbá rẹ ń wò mí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo ronú kan ọmọ ọlọ́mọ tí ìyá rẹ̀ yóò fi í ra búrẹ́dì fún lọ sí iléèwé. Mo ní kó máa lọ. Oyin ẹlòmíràn ti wà ní ìdajì àyè wa báyìí.

Láti ìgbà náà, ojú mi ti rí màbo. A ṣí gbogbo fèrèsé. A gbé èédú sínú abọ́ káàkiri, a gé àlùbọ́sà sínú omi, kí wọ́n lè fa òórùn ọ̀dà náà. Bàbá rẹ fi ọ̀bẹ ha gbogbo ọ̀dà náà kúrò títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Kò kọrin mọ́. Àwọn obìnrin ń wá láràárọ̀, wọ́n ń fọwọ́ lẹ́rán. A ti yan ẹ̀pà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e wọ yàrá yẹn. Mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń fa èémí, mi ò gbọ́ òórùn kankan. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ òórùn kankan nígbà yẹn náà. Bàbá rẹ ní ó ti lọ. Mo bi í pé imú wo ló fi mọ̀.

Kí n sọ òótọ́ fún ọ. Nígbà tí mo mú bírò, ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀, pé kí o bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀, kí o rántí ọmú tí o mu. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ bọ̀ ni ó yé mi. Bí ìwọ lo bá wá, òórùn ilé ni wàá gbọ́, wàá sì ní ó dùn, bí gbogbo wa ṣe ní ó dùn. Nítorí náà, má bá a sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí ó gbé imú àjèjì rẹ̀ wá. Nígbà tó bá lọ tán, bó fọwọ́ sí i, bí kò fọwọ́ sí i, jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé. Mi ò fẹ́ kí èmi àti bàbá rẹ nìkan jókòó síbẹ̀.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. O ò ní jẹ ohun tí yóò ṣe ọ́ ní ibi. O ò sì ní ṣe aláìní ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún ọ, bí òótọ́ náà tilẹ̀ korò.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tí kò bínú sí ọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù: má jẹ́ kí bàbá rẹ mọ̀ pé mo sọ fún ọ. Mo bi í pé kí ló dé tí ọ̀dà náà fi jẹ́ funfun. Ó ní nígbà tí o wá kí wa kẹ́yìn, o ní ògiri ibi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ yẹ kó funfun, kí ìdọ̀tí lè tètè hàn. Kò dá ọ lẹ́bi rí, kò sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kàn ń bi mí ṣáá bóyá o sọ iye ọjọ́ tó yẹ kéèyàn fi jẹ́ kó gbẹ, bóyá òun ni kò gbọ́.