Kókó Tó Wà Lẹ́yìn Sítíárìn

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àfojúsọ́nà ọmọ tó wà lájò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó sọ ohunkóhun. Mo kí àbúrò bàbá wa tó jókòó sí ipò bàbá fún wa, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ipò náà ṣófo. Mo kí Àṣàkẹ́ àbúrò mi tó ń kà á sí yín létí. Àṣàkẹ́, jọ̀ọ́, rọra kà á, má sì fo ìlà kankan nítorí pé o rò pé yóò ba Ìyá nínú jẹ́.

Ó máa yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti rí ọ̀rọ̀ mi, bíi pé n kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wà ní Kàdúná, ọwọ́ Bọ̀dá tó mú mi wá síbí ni gbogbo lẹ́tà ń gbà. Tí mọ́tò rẹ̀ bá ń bọ̀ nílé, awakọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àwa ọmọ ìlú máa ń kó lẹ́tà àti ẹrù fún, òun náà ló sì ń bá wa kó èsì bọ̀. N kò ní dárúkọ Bọ̀dá. Ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ. Lẹ́tà yìí kò ṣeé fi lé e lọ́wọ́, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn tí Àṣàkẹ́ máa ń rà. Bó bá jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ ni mo kọ ọ́, mo mọ ara mi, ẹ̀rù á jẹ́ kí n fà á ya.

Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ọyẹ́ ti dé síbí, ètè gbogbo wa ti sán, eruku ò jẹ́ ká rí òpin títì. Àwọn ènìyàn ń wọ súwẹ́tà láàárọ̀, èmi sì ń làágùn. Tí mọ́tò bá fọn fèrè lẹ́yìn mi, mo máa ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. N kò sì rẹ́ni bá sọ ọ́, torí yàrá tí mò ń gbé ní Kinkinau, èmi àti rédíò nìkan la jọ wà níbẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi, ìjókòó mọ́tò ni mò ń rán. Mai kujera ni àwọn Háúsá ń pè mí, ìyẹn ni oníjòókòó. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé Hájíà Rékíyà ní Ungwan Shanu ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọ̀gá ilé-ìwé ni Hájíà. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, kò gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Òun ló kọ́ mi ní Háúsá tí mò ń sọ, òun ló ń gbé tùwó wá fún mi nínú ààwẹ̀, tí ara mi ò bá yá, òun ló ń bi mí pé ṣé mo ti lo oògùn. Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ìyá ló jẹ́ fún mi níbí.

Ojú ọ̀nà Sáríà ni ọkọ Hájíà kú sí. Mọ́tò rẹ̀ forí sọ tírélà, sítíárìn gbá a láyà, ó parí. Láti ìgbà náà, Hájíà nìkan ni ẹni tí mo mọ̀ nílùú yìí tó ń de bẹ́líìtì kó tó ṣíná mọ́tò. Àwọn ènìyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ ó ń dè é. Ọ̀nà Sáríà yẹn kan náà ló sì ń gbà ní gbogbo ọjọ́ Àtìní lọ síbi ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo ṣe. Nígbà òjò tó kọjá, Bọ̀dá gbé sítíárìn kan wá bá mi, ó wé e sínú àpò sìmẹ́ǹtì. Tòkunbọ̀ ni Bọ̀dá ń tà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò gbé mọ́tò wá o, sítíárìn nìkan ni. Nínú àwọn mọ́tò ìgbàlódé wọ̀nyí, wọ́n máa ń ká àpò kan pa mọ́ sí àárín sítíárìn. Bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, àpò náà á bẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ á kún un, á sì gba àyà awakọ̀ dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Èyí tí Bọ̀dá gbé wá ti ṣe tirẹ̀ lókè òkun. Àárín rẹ̀ ti ya bí ẹnu, wọ́n sì ti gé àpò náà dànù. Bọ̀dá ní ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ni nǹkan ti ha á. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. N kò bèèrè.

Mo ki fóòmù bọ inú ihò náà, mo fi àkísà tí mo fi ń nu ọwọ́ dí ibi tó kù, mo gé awọ dúdú, mo rán an bò ó. Háà, Ìyá, iṣẹ́ náà dára! Kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Mo wá ta kókó tí ẹ kọ́ mi sí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí mo kọ́ nígbà tí mo máa ń jókòó tì yín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ: ká yí i lẹ́ẹ̀mẹta sápá òsì, ká wá ki ìdí òwú bọ inú. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ta á bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná. Bọ̀dá fún mi ní la'ada, ìyẹn owó ọpẹ́, tó ju owó iṣẹ́ lọ, ó ní ọwọ́ mi ò ní rọ. Mo ṣe àmín. Àmín yẹn ló ń dùn mí jù.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Hájíà ní kí n bá òun lọ yẹ mọ́tò wò. Àwa tí à ń rán ìjókòó la mọ ọjọ́ orí mọ́tò. Wọ́n lè yí aago tó ń ka ìrìn rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n lè kùn ún kó máa dán, ṣùgbọ́n rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì kì í purọ́, etí ìjókòó awakọ̀ kì í sì í purọ́. Hájíà fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò Jámánì kékeré tí ara wọn yá, tí àwọn ọlọ́lá ń gùn láì pariwo. Bí a ṣe débẹ̀, ọgbà tí Bọ̀dá ti ń ta mọ́tò ni.

Méjì ló wà nílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, a kì í pe orúkọ tí wọ́n kọ sára wọn. Oníràwọ̀ là ń pe ọ̀kan, nítorí ìràwọ̀ tó wà nímú rẹ̀, Onímú-méjì sì lèkejì. Oníràwọ̀ ló dàgbà. Aṣọ ni wọ́n fi bo ìjókòó rẹ̀, ó le nídìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó lé e á ní pákó ni. Ṣùgbọ́n tó bá gbé e dé Kánò, ẹ̀yìn ò ní dùn ún. Igi dídán díẹ̀ wà láàárín rẹ̀ níwájú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí gíláàsì ẹ̀yìn, orúnkún ẹni tó bá sì ga á kan ìjókòó iwájú. Kò ní àpò nínú sítíárìn, kò sì pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́.

Onímú-méjì ni kí ẹ wò! Awọ dúdú ni ìjókòó rẹ̀, etí rẹ̀ gbé sókè lọ́tùn-ún lósì, ó dì mọ́ ènìyàn bí ìgbà tí wọ́n pọn ọmọ. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kọjú sí awakọ̀ nìkan. Tí iná inú rẹ̀ bá tàn, ó pọ́n bí ẹyin iná. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ tí gíláàsì fi ń sọ̀ kalẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà nínú àpótí iwájú, ara mọ́tò ló ti ń gba iná. Hájíà tàn án, ó pa á, ó tún tàn án, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Owó rẹ̀ sì ju ti Oníràwọ̀ lọ dáadáa. Ká ní mo sọ ti inú mi ni, Oníràwọ̀ ló tó owó rẹ̀. Oòrùn ibí máa ń mú awọ gbóná, ọyẹ́ á sì mú un sán. Aṣọ kì í yọ ènìyàn lẹ́nu.

Mo jókòó sínú Onímú-méjì, mo fi ìka wá ẹ̀yìn sítíárìn. Kókó yín ló kan ìka mi.

Bọ̀dá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó bi mí ní Yorùbá, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé ṣé àlàáfíà ni Ìyá mi wà, pé mọ́tò òun ń lọ sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé kí òun bá mi kí yín. Hájíà ò gbọ́ Yorùbá. Ó bi mí ní Háúsá pé èwo ni kí òun mú. Mo ní méjèèjì dára. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni àpò wà nínú sítíárìn èyí, torí òun ò fẹ́ kí sítíárìn gbá ẹnikẹ́ni láyà mọ́ nílé òun. Bọ̀dá ló yára dáhùn, èmi ń wo ilẹ̀. Hájíà ní mai amana ni mí, pé olóòótọ́ bíi tèmi, tí nǹkan bá burú nínú rẹ̀, ǹ bá ti sọ. Ọjọ́ náà gan-an ló sanwó Onímú-méjì.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Hájíà ò de bẹ́líìtì mọ́! Ó ní àpò ti wà, kí ló kù tí okùn ń há òun lọ́rùn. Mo ní kó ṣáà máa dè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Mai kujera ti ya ojo. Láti ìgbà náà, tí Àtìní bá ti dé, n kì í lè rán nǹkan kan. Ńṣe ni mo máa ń jókòó, tí mò ń wo ojú títì títí mọ́tò rẹ̀ á fi padà yọ.

Mo lọ bá Bọ̀dá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gba mọ́tò náà padà, kó fún obìnrin yìí ní Oníràwọ̀. Ó bi mí pé ta ló mú mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ọmọ ìyá ẹni kì í tú ènìyàn síta fún ará ìta. Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀, ó ní tí mo bá la ẹnu, òun á sọ fún ọlọ́pàá pé èmi ni mo yọ àpò náà tà, pé kí wọ́n wo ìránṣọ tó wà lára rẹ̀, ọwọ́ ta ni? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Kókó yín, tí mo fi ń yangàn, òun ló fẹ́ fi mú mi.

Mo dákẹ́. Mo dákẹ́ di ọjọ́ Àtìní tó kọjá yìí. Ìyàwó alápatà tó wà nítòsí wa sáré wá, ó ní wọ́n ní mọ́tò Hájíà já sí kòtò lójú ọ̀nà Sáríà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń ké Lá ìláhà ilà Lọ́ọ̀hù. Èmi ni mo pa á, ohun tí mò ń sọ nínú ọkàn mi nìyẹn. Kò pẹ́ tí Hájíà dé fúnra rẹ̀, eruku bò ó, kò fara pa. Màálù ló yà fún, kòtò náà ò jìn. Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní tó bá tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun mọ̀ pé mọ́tò tí mo bá òun yẹ̀ wò á gba òun. Ìyá mi, kí wọ́n nà mí ní pàṣán sàn ju ọpẹ́ yẹn lọ.

Mo di ẹrù mi lọ́jọ́ náà, kí n máa bọ̀ nílé. Mo tún tú u. Mo rántí ohun tí ẹ máa ń sọ fún wa tí òwú bá lọ́, pé ẹni tó ta kókó ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u.

Àárọ̀ òní, Àlàmísì, ni mo bẹ Hájíà pé kó gbé mọ́tò rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó dúró kó máa wò. Abẹ gé mi níka. Mo tú kókó náà, mo ṣí awọ kúrò, mo fa fóòmù jáde, mo fa àkísà jáde. Mo kó wọn lé e lọ́wọ́. Ó wò wọ́n títí. Ó bi mí pé iṣẹ́ ọwọ́ ta nìyí. Mo ní tèmi ni. Ó bi mí pé ṣé mo ti mọ̀ lọ́jọ́ tí a lọ sọ́gbà. Mo ní mo mọ̀. Ó ní Inna lillahi. Kò bú mi. Ó kó àkísà náà sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó fa bẹ́líìtì, ó dè é. Mo gbọ́ tó ró kẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìró yẹn kẹ́yìn.

Ọ̀tún ló yà sí. Apá ibẹ̀ ni ọgbà Bọ̀dá wà, apá ibẹ̀ náà ni àgọ́ ọlọ́pàá wà. N kò mọ èyí tó ń lọ. Mo ń kọ lẹ́tà yìí títí wọn yóò fi dé, ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé ọmọ yín jalè, ẹ má gbà. Ẹ sọ fún un pé ó rán irọ́ pa, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ kí àwọn ọmọ tó ń rákò nígbà tí mo fi ń lọ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín náà wà lókè Ọya, mo kí yín, ẹ máa fi wọ́n sínú àdúrà. Ìyá mi, ẹ ó pẹ́ fún wa, ojú yín ò ní ribi, ẹ ò ní fi omijé pe orúkọ ọmọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n Hájíà ti de bẹ́líìtì.

Èmi ni ọmọ yín,
Jímọ̀