Ọmọ Inú Ẹ̀rọ Tó Ń Na Ọwọ́ Òsì

Ìgbàrà-Odò, Èkìtì,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje, ọdún 2003.

Ìbídùn ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Tófúnmi ọmọ ọmọ mi. Ṣé ẹ ń jí dáadáa? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run tó mú yín dé Èkó kò ní jẹ́ kí Èkó gbé yín mì. Àwa náà wà, a dúpẹ́, orúnkún mi nìkan ló máa ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ Catherine ìyá rẹ sì ti bí ìbejì, ìyá rẹ ń gbé wọn kiri bí ẹni pé òun ló bí wọn.

Lẹ́tà tí o fi rán Suara awakọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi kò dùn sí i rárá. O ní Tófúnmi kò ní lè wá lo họlidé lọ́dọ̀ wa, pé èdè òyìnbó nìkan ló gbọ́, pé kò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní abúlé, nítorí náà lẹ́sìnnì, ẹ̀kọ́ àsìkò họlidé, ní Ìkẹjà ló máa lọ. Mo kà á fún ìyá rẹ, kò sì jẹun alẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi tètè kọ èyí, kí o tó lọ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ṣé o rántí ìgbà tí mo wá sọ́dọ̀ yín ní Ọgbà lẹ́yìn Àjíǹde, tí o mú èmi àti Tófúnmi lọ sí ilé kọ̀ǹpútà tí o ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè òyìnbó? Mo rò pé pátákó àti ṣọ́ọ̀kì ni n óò bá níbẹ̀, àṣé eré ni! Sìlífátù tó ń ta búrẹ́dì ní Agége, ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ yẹn, jókòó ó ń ṣeré, ìwọ tíṣà sì ń yìn ín. O ní láti òkè òkun ni eré náà ti ń wá, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ó ń gba inú wáyà. Látìgbà tí mo ti dé ilé ni mo ti ń wo wáyà iná iwájú ilé wa, mi ò tíì rí nǹkan kan kó kọjá níbẹ̀, iná pàápàá kò kọjá. Àbí wáyà tiyín nípọn ju tiwa lọ ni?

Eré tí o fún mi, ọmọbìnrin òyìnbó kan ló yọ sójú ẹ̀rọ tó ń tọrọ oúnjẹ, èmi ni kí n mú ohun tó bá pè fún un. Ó ní òun fẹ́ ápù. Mo mọ ápù, mo sì rí i lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni ọmọ náà nà sí mi! Kò kí mi, kò kúnlẹ̀, ọwọ́ òsì gbọnrangandan. Mo na ọwọ́ ọ̀tún tèmi sí i kó lè rí èyí tó yẹ kó lò, mo wá káwọ́ gbera, mo ń dúró. Kò pààrọ̀ ọwọ́. Mo ń wò ó, ó ń wò mí, ni ẹ̀rọ bá han gooro, o sì ní mo ti fìdí rẹmi. Sìlífátù rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́. Ìbídùn, mi ò fìdí rẹmi o, ọmọ ni mò ń kọ́.

Ìgbà tí o jáde lọ wo jẹnẹrétọ̀ ni ohun tí o kò mọ̀ ṣẹlẹ̀. Èmi àti Tófúnmi kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ látìgbà tí mo ti dé, a kàn ń wo ara wa bí àlejò ni. Àfi bó ṣe wá síwájú mi, tó kúnlẹ̀, tó na ọwọ́ ọ̀tún, tó ní kí n fún òun ní ápù. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fi máòsì yín yẹn tẹ ápù ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ pàtẹ́wọ́! Ó tọrọ ẹyin, mo fún un, ó tọrọ búrẹ́dì, ó tọrọ omi, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́ lédè òyìnbó. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

A ti ń ṣe eré náà nílé báyìí, lórí ẹní. Ìyá rẹ á tọrọ ẹyin lédè òyìnbó, n óò mú un fún un. Lẹ́yìn náà la óò tún un ṣe ní Yorùbá, torí ọ̀nà yẹn ni Tófúnmi yóò gbà kọ́ tiwa. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé bí a bá ti parí ẹ̀kọ́, ìyá rẹ á dín ẹyin náà. Jọ̀wọ́, fi owó ẹyin díẹ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi owó lẹ́sìnnì san owó ọkọ̀ tí ọmọ yóò wọ̀ wá.

Ọmọ inú ẹ̀rọ yẹn ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ ta ni? Ta ló ń fún un lóúnjẹ bí iná bá lọ? Ó gbọ́ òyìnbó dáadáa, gbogbo ayé ló ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà kankan nítòsí rẹ̀ tó lè sọ fún un pé kó pààrọ̀ ọwọ́. Tófúnmi ní wa. Jẹ́ kó wá nígbà tí a ṣì wà.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ rẹ gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, kí ìwọ náà sì dàgbà dé ibi tí wọn yóò ti máa na ọwọ́ ọ̀tún sí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Moses Akínfẹ́nwá.